Kọ́kọ́rọ́ Gbọ̀ngàn

Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ìlú wà ní Ìgbàjà,
ọdún kẹsàn-án rèé.
Èmi ni mo ń gbálẹ̀, èmi ni mo ń ka àga,
èmi ni mo ń lé ewúrẹ́ kúrò lórí pèpéle.
Ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀:
gílóòbù méjì, ẹsẹ̀ àga kan, àwọ̀n tábìlì tẹníìsì.
N kò kọ Tìámíyù sílẹ̀.

Akólòlò ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlá.
Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ:
bọ́ọ̀lù á ti lọ, á ti bọ̀, kó tó pe "mẹ́fà" tán.
Ni Lájídé, ọmọ akápò, bá sọ ọ́ di eré.
"Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kó ka ayò fún wa!"
Gbogbo ilé á sì máa ké mẹ̀ẹ̀, mẹ̀ẹ̀.
Ewúrẹ́ tí mo lé jáde láàárọ̀
ti padà wọlé nírọ̀lẹ́, ó wọ bàtà.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Lọ́jọ́ kan, èmi náà rẹ́rìn-ín.
Kò pẹ́, kò sì pọ̀,
ṣùgbọ́n ó wò mí.

Ọjọ́ karùn-ún tí n kò rí i,
báàtì rẹ̀ ṣì wà lójú fèrèsé, eruku ti bò ó.
Mo tọ̀ ọ́ lọ sílé. Ìyá rẹ̀ ń bó ẹ̀gúsí, kò gbójú sókè.
"Ṣé kí n na Lájídé fún ọ?"
Ó mi orí.
"Ṣé kí n máa bá ọ ka ayò?"
Ó tún mi orí. Èèpo ẹ̀gúsí ń kún ilẹ̀.
"K-kí wọ́n d-dúró," ó ní, "t-t-"
mo fẹ́ bá a parí rẹ̀, mo gbé e mì,
"-títí n ó fi kà á tán."

Mo ti gbọ̀ngàn pa fọ́jọ́ mẹ́ta.
Akápò wá, ó ní eré ọmọdé ni, ta ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́?
Mo ní ìlú ni. Bí ìlú bá fẹ́ ẹ, kó wá gbà á.
Nígbà tí mo ṣí i, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà:
ẹni tó bá fi ẹlòmíì ṣẹ̀sín, ọ̀sẹ̀ méjì níta;
ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín, ọ̀sẹ̀ kan.
Mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún Rábì,
mo lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo ń san tèmi.

Èmi àti Lájídé, abẹ́ igi kan náà.
Ọjọ́ kẹta ló tó lahùn: "Ìyá, mi ò mọ̀ pé ó ń dùn ún."
Mo ní, o mọ̀.
Ó fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ títí. Ó mọ̀.

Lálẹ́ àná, ayò kù díẹ̀ kó parí.
Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Lájídé.
"M-m-mẹ́-"
Ajá kan gbó lọ́nà. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn.
"-sàn-án s-s-"
A dúró.