Etí Ìwé

Ìjì Bọ́rà ń gbá fèrèsé létí ní Trieste
lówùúrọ̀ ọjọ́ tí Duilio Cossutta ti ilẹ̀kùn mi wọlé.
Páálí ìwé mẹ́ta ló gbé ka orí tábìlì.
Ó ní, "Nives, bá mi tún wọn dì.
Ẹ̀yìn wọn ti ń ṣí, bíi tèmi náà."

Akọ̀wé èbúté ni, kó tó fẹ̀yìn tì.
Ogójì ọdún ló fi ka àpò kọfí lọ́sàn-án,
ogójì ọdún náà ló fi ka ìwé àwámáridìí lóru.

Ẹlòmíràn ń túmọ̀. Èmi, mo kàn ń tú.
Mo tú òwú, mo tú awọ, mo há gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò.
Ejò kan gbé ìrù ara rẹ̀ mì;
oòrùn ń gbé òṣùpá níyàwó nínú ìgò;
àkàbà kan nàró, kò fara ti ohunkóhun;
ọwọ́ kan ṣí sílẹ̀, ojú là ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.
Lábẹ́ gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ kan náà lédè Látìn:
Mọ ara rẹ.

N kò mọ̀ ju òwú àti abẹ́rẹ́ lọ.
Ṣùgbọ́n mo mọ ìwé tí wọ́n kà
yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kàn rà.
Tirẹ̀ ń rùn bí kọfí, bí àbẹ́là, bí àìsùn.

Nínú iṣẹ́ wa, bí a bá di ìwé tán,
ọ̀bẹ la fi ń rẹ́ etí rẹ̀ kó lè gún.
Mo ti gbé ọ̀bẹ lé e
kí n tó rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí obìnrin fi pẹ́ńsùlù kọ:

"Aago méjì òru. Ọbẹ̀ ẹ̀wà ti tutù."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ejò: "Ó tún ń wá ara rẹ̀.
Mo mọ ibi tó wà. Orí àga tó ń dún ni,
ó ń gé èékánná àtàǹpàkò òsì jẹ."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà: "Òkùnkùn ń bà á lẹ́rù, kò fẹ́ kí n mọ̀.
Mo fi iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ láìpa."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò: "Ra iyọ̀. San owó gáàsì.
Ó rẹ́rìn-ín lónìí, irú èyí tó ń rín
kí Dario wa tó kú."

Bruna ni. Ọdún kẹfà rèé tí a sin ín.
Gbogbo ọdún tí ọkọ rẹ̀ fi ń wo ojú ìwé,
etí ìwé ló ń bá sọ̀rọ̀.

Mo ránṣẹ́ pe Duilio. Ó wá, ó jókòó,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ìbẹ̀rẹ̀,
ó fo ejò, ó fo oòrùn, ó fo Látìn.
Kọfí tí mo gbé fún un di omi tútù.
Nígbà tó ṣe, ó gbé àtàǹpàkò òsì sókè,
ó ń wò ó bí ẹni tó gba lẹ́tà.

"Má rẹ́ ẹ," ló sọ.
Ó béèrè iye owó iṣẹ́, ó san ju bẹ́ẹ̀ lọ,
ó sì gbàgbé fìlà rẹ̀ sórí àga.

Ilẹ̀ ti ṣú. Ìjì ṣì ń jà.
Bóyá á padà wá mú un, bóyá kò ní wá.
Mo fi iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀.