Èbù

Ní Goole, níbi tí odò Ouse ti ń wọ́ omi aláwọ̀ tíì lọ sókun,
mo ń ṣọ́ oògùn tí ẹnikẹ́ni kò gbé mì.
Ilé ìkẹ́rù náà gùn bí ìwàásù àlùfáà tí kò wo aago:
páálí lórí páálí títí dé àjà,
kápúsù ọ̀fìnkìn tó ń dúró de ọ̀fìnkìn tí kò tíì dé.
Ooru ibẹ̀ kò gbọdọ̀ ju márùndínlọ́gbọ̀n lọ.
Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé ní wákàtí méjì-méjì,
mo ń buwọ́ lù ú,
mo ń jẹ búrẹ́dì tí mo dì wá láti ilé.

Fẹ̀yìntọlá ìyàwó mi ń tọ́jú àwọn arúgbó
nílé kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin.
Oṣù Ṣẹẹrẹ yìí, bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà ló ń wúkọ́ níbẹ̀.
Lánàá ó wọlé, kò bọ́ bàtà.
Ó ní, “Ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín,
ṣé òkú lẹ fẹ́ kó wá gbé e mì ni?
Ọjọ́ kejì ló yẹ kí wọ́n lò ó,
ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ wa.
Àìsàn là á wò. A kì í wokú.”
Mi ò fèsì. Mo gbé kẹ́tù kaná.

Bàbá mi, ní Ìlárá, kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan èbù.
Lọ́dún tí ọ̀dá dá, àbúrò mi sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há,
bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà abà, ó kọjú sígbó.
Ó ní ẹni tó bá jẹ èbù ti jẹ ọmọ ọmọ rẹ̀.
Òjò padà rọ̀. A gbìn, a sì yó.
Gbogbo àdúgbò ní ọlọ́gbọ́n ni.
Wọn kì í sọ ti ọdún mìíràn,
tí a ṣílẹ̀kùn abà tí òórùn kọlù wá,
tí èbù ti di omi,
tí ebi tí a fara dà di ebi lásán.

Páálí wọ̀nyí náà ní ọjọ́ ikú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí wọn lára.
Bó bá di Ọ̀wàrà, tírélà á fẹ̀yìn wọlé,
á kó ti ìsàlẹ̀ lọ sínú iná níbi tí mi ò mọ̀.
Lọ́dún tó kọjá, Craig awakọ̀ fọwọ́ gbá páálí kan,
ó ní, “Owó orí mi rèé, ó ń lọ jóná.”

Ṣùgbọ́n ìyá bàbá mi rí lùkúlùkú.
Ọmọ ọdún méje ni.
Ó ní ẹni tó gbẹ́ sàréè láàárọ̀ ló sùn sínú rẹ̀ lálẹ́,
ewúrẹ́ ń wọ yàrá, kò sẹ́ni tó lé e.
Kò sí páálí kankan níbì kan nígbà náà.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lọ́nà Howden,
mo rí àwọn tó wọ aṣọ funfun látòkè délẹ̀,
wọ́n ń kó òkú tòlótòló sínú àpò.
Bí a bá sì ń fún gbogbo ẹni tó sín ní oògùn yìí,
àrùn á mọ̀ ọ́n lójú, á kọ́ bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́,
lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀ gan-an, á fi rẹ́rìn-ín.

Mo ní kí Fẹ̀yìntọlá bi Ìyá Stubbs,
ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin,
tó kọ́ ìdajì ìlú yìí bí a ṣe ń ka máàpù.
Ìyá ní, “Ẹ tọ́jú tèmi fún àwọn ọmọdé.”
Ó wúkọ́ títí. Ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú.
“Àmọ́ ẹ tún bi mí lóru.”

Òru rèé.
Ooru: mọ́kàndínlógún.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀.