Àga Tó Wó

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ẹ̀ka wa:
akẹ́kọ̀ọ́ sáíkọ́lọ́jì tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá,
kó san ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, kó mú fọ́tò méjì wá.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin!
Gààrí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, bí n ò bá fi ṣúgà sí i.
Mo kà á tán, mo tún un kà,
mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀, mo gba Lágere kọjá lọ sílé.

Bàbá mi wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Ìlódè,
ó ń fá pákó ìrókò, irun igi ń já bọ́ sílẹ̀
bí irun ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.
"Ìbíwùmí, kí lẹ tilẹ̀ ń kọ́ níbẹ̀ yẹn gan-an?
Àwọn ará àdúgbò ní iṣẹ́ wèrè ni."
Mo ní, "Bàbá, inú ni. Inú ènìyàn là ń kọ́."
Ó rẹ́rìn-ín. "Inú tí ẹni tó ni ín pàápàá ò mọ̀?"

Mo ní ẹgbẹ́ kan wà. Mo ní wọ́n ń gba owó.
Mo ti ń retí kó ní olè ni wọ́n.
Ó gbé ìfági sílẹ̀.

"O rántí Làmídì, alága Òkèrèwè?
Kì í ṣe alága ìpàdé o, ẹni tó ń kan àga.
Ó fi pákó tí ikán ti jẹ kàn án fún ṣọ́ọ̀ṣì kan,
ìyá àgbà jókòó, gbì! egungun itan kán.
Ta ló pè é? Kì í ṣe ọlọ́pàá.
Àwa ni. Ẹgbẹ́ káfíńtà. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, lábẹ́ igi ọ̀dán,
a gba ayùn lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà gbáko,
a sì dá owó ìwòsàn ìyá yẹn jọ.
Àga wó, a lè tún un kàn.
Bí ẹ bá wó ènìyàn, ta ni yóò pè yín?"

N ò rí èsì fọ̀.
Ní ìdájí Ajé, mo bá owó lábẹ́ agolo gààrí mi,
lẹ́búlẹ́bú igi ṣì wà lára rẹ̀.

Káàdì pélébé kan ni wọ́n fún mi,
àwòrán mi níbẹ̀ dà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.
"Akẹ́kọ̀ọ́" ni wọ́n kọ sí i, gàdàgbà. N ò tíì di nǹkan kan.
Síbẹ̀ òun ló jẹ́ kí n san ìdajì ní àpéjọ ọdọọdún,
mo jókòó lẹ́yìn pátápátá,
mò ń kọ ọ̀rọ̀ tí kò yé mi sílẹ̀,
ni arúgbó ọ̀mọ̀wé kan bá yíjú sí mi:
"Ìwọ ńkọ́, kí lo rò?"
Nínú kíláàsì igba ènìyàn, ẹnìkan ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

Òun náà ló gbé mi wọ mọ́tò, ó di Ọ̀ṣú, ó di Iléṣà,
ọ̀dọ̀ Dókítà Fámúrewá tí ẹgbẹ́ ní kó fà mí lọ́wọ́.
Fèrèsé kan, àga mẹ́ta, omi tútù nínú ife.
Ó tọrọ àyè mi lọ́wọ́ obìnrin tó ń bọ̀ kó tó ní kí n jókòó sí kọ̀rọ̀.
Obìnrin náà wọlé. Kò sọ̀rọ̀.
Ìṣẹ́jú kan. Mẹ́ta. Mẹ́wàá.
Ẹnu ń yún mi, mo fẹ́ ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á ṣe é."
Dókítà kàn wà níbẹ̀,
bí ẹni ń dúró de àtè kó gbẹ kó tó kan ìṣó.
Nígbà tó yá, obìnrin náà mí kanlẹ̀.

Ohun tó sọ lẹ́yìn náà,
Bàbá ti bi mí léèmejì.
N ò sọ. N ò ní í sọ.
Mo ní ẹgbẹ́ lè pè mí.

Ó wò mí títí.
Ó wá ti àga tuntun kan sọ́dọ̀ mi.
"Jókòó," ó ní. "Èyí ò ní í wó."