Wákàtí Tó Wáyé Lẹ́ẹ̀mejì

Ní Tartu, nígbà tí oṣù kẹwàá ń lọ sópin,
ọjọ́ Ẹtì, ilẹ̀ ti ṣú, òtútù ń ha fèrèsé.
Èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ń ka wàrà,
tí ń sọ iye lítà tí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó wá,
iye Yúrò tí yóò kàn án.
Mo ti wẹ̀ ẹ́, mo ti kùn ún lósùn bí ọmọ tuntun.
Urmas ọ̀gá wa ti kó ọtí sínú fíríìjì.
Oníbàárà ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹ́ta:
ṣé ó ti yá?

Ó kù Leelo,
ẹni tí a gbà síṣẹ́ pé kó máa wá egungun
nínú ẹja tí ẹlòmíràn sè.
Kò pariwo. Ó yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ mi:
"Lóru ọ̀la, gbogbo ìlú yóò dá aago padà.
Aago mẹ́ta yóò lù, yóò lọ, yóò tún padà wá lù.
Bí ọkọ̀ Kalju bá já wàrà ní mẹ́ta ààbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
èwo ni ètò rẹ yóò gbà gbọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. A dán an wò. Ẹ̀rín há mi lọ́fun.
Ẹgbẹ̀ta lítà wọlé, irínwó tẹ̀ lé e,
irínwó gorí ẹgbẹ̀ta, ẹgbẹ̀ta di àwátì.
Kò ké, kò tan iná pupa.
Ó tilẹ̀ kọ ọ́ síwájú wa pé: Ó ti parí, ẹ ṣeun.

Urmas ní, "Wákàtí kan péré lọ́dún!
Ta ní í gbé wàrà kiri lóru?"
Leelo ní, "Kalju ni.
Màlúù rẹ̀ kì í wo aago."
Ó fa ìlà méjì sórí bébà:
ọ̀kan, bó ṣe lè ṣẹlẹ̀ tó;
èkejì, bí yóò ṣe dunni tó.
Ó fi pẹ́ńsùlù gún ibì kan lókè pátápátá:
ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń wọ egungun.

Ọtí sùn sínú fíríìjì.
Mo tú ìdí ọmọ mi, mo tún un dì
pẹ̀lú aago kan tí kì í padà sẹ́yìn.

Ọjọ́ Ajé, ó bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà. A mu ọtí.
Iná kì í kúkú tán láṣọ:
mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ife sẹ́nu ni Leelo bi mí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́,
"Ọdún tí oṣù kejì bá ní ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ńkọ́?"