Ọ̀nà Ìmálà

Aago márùn-ún àárọ̀ kù díẹ̀ nígbà tí mo gba kọ́kọ́rọ́ yàrá òtútù
lọ́wọ́ ọlọ́dẹ tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀.
Mo to yìnyín sí ìsàlẹ̀ àpótí,
mo to ìgò abẹ́rẹ́ lé e bí ẹni ń to ẹyin,
mo fi tẹmómítà sí àárín wọn.
Ó ní méjì. Kò gbọdọ̀ kọjá mẹ́jọ.
Gbogbo iṣẹ́ mi kò ju èyí lọ:
kí n gbé òtútù gba inú oòrùn kọjá, kó má kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ṣókẹ́yẹ ti ń dúró ní Láfẹ́nwá.
Ó fi rọ́bà inú táyà so àpótí mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù,
ó so ó bí ẹni tó pọ̀n ọmọ ọlọ́mọ.
Lẹ́yìn wa, Abẹ́òkúta ṣì wà nínú kùrukùru,
páànù pupa, páànù pupa, àpáta kan níbí, òmíràn lọ́hùn-ún,
bí erin tó wẹ̀ tán tó gbàgbé láti dìde.

Ọ̀dà tètè tán. Kò tilẹ̀ dágbére.
Eruku ló gba ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀,
eruku àti ẹ̀gẹ́, eruku àti kaṣú,
ọmọ Fúlàní kan tó na ọ̀pá sókè kí wa,
lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni.
Ṣókẹ́yẹ kì í sọ̀rọ̀. Lórí òkè kan ó pa ẹ̀rọ.
"Tẹ́tí."
Mo tẹ́tí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.
"Ìyẹn gan-an ni," ló wí, ó sì tún ta á.

Lẹ́yìn Ìmálà ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀, ó wọ inú omi, kò jáde.
Kùkùté ìrókò kan ló yọrí, lékeléke bà lé e.
Wọ́n dí Ọ̀yán kí ìlú ńlá lè rómi mu;
omi ló kọ́kọ́ mu àwọn abúlé.

Sẹ̀wánù, ọmọ Ẹ̀gùn, ló ni ọkọ̀ ọpọ́n.
Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀, ẹ̀rín ló fi ń dí àlàfo rẹ̀.
Ìyá àgbà kan ti jókòó síwájú pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ irú,
Ẹfúnyẹmí lorúkọ rẹ̀, kò bi wá léèrè ibi tí à ń lọ.
A tukọ̀ títí ilẹ̀ fi di okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn wa,
ni ìyá bá na àgbọ̀n:
"Yà sósì."
Mo wo iwájú, omi. Mo wo òsì, omi.
Sẹ̀wánù yà sósì.
"Ìdí Ayùnrẹ́ nìyí. Ẹ̀gún pọ̀ lápá ọ̀tún."
A tún lọ díẹ̀.
"Ẹ rọra. Gegele wà níbí,
ibí ni ṣéènì kẹ̀kẹ́ bàbá mi ti já."
Sẹ̀wánù rọra.
"Ojú Ọ̀nà Aláásáà. Ẹ kí wọn."
A ò rí ẹni tí a ó kí. A kí wọn.
Pátákó ìjọba tó wà létí omi, nọ́ḿbà ni wọ́n kọ sí i,
wọn ò kọ orúkọ.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, tẹmómítà ní mẹ́fà.
Ọmọ mọ́kànlélógún. Mo gún wọn, wọ́n sunkún,
mo di ọ̀tá, mo tún gún òmíràn.
Àṣàbí nìkan ni kò sunkún;
ó ń wò mí bí ẹni tó máa rántí.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí a tó padà. Àpótí fúyẹ́, yìnyín ti yọ́.
Ìyá ti dúró sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀.
Lápá gúúsù, iná Abẹ́òkúta pọ́n ojú ọ̀run díẹ̀.
Ṣókẹ́yẹ ń tòògbé.
Ní àárín omi, Sẹ̀wánù gbé àjẹ̀ sókè,
ó fi Yorùbá rẹ̀ tó wọ́ kí àwọn kan kú ìrọ̀lẹ́,
ó dúró díẹ̀, omi ń kán lẹ́nu àjẹ̀.
Ó dé ibi gegele, ó rọra.
Lẹ́yìn náà, níbi tí kò sí nǹkan kan rárá,
ó yà sọ́tùn-ún.