Ní Ṣọ́ọ̀bù Mi, Ọ̀nà Ọ̀dà, Àkúrẹ́

Ẹ má bi mí léèrè èyí tó yá jù.
Àárọ̀ kùtù ni Akínlúà wa Mọ́sítáǹgì rẹ̀ dé,
pupa bí ata rodo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀;
kò tíì pa ẹ́ńjìnnì
tí Fálóhùn fi gbé Kamáró dúdú dí i lẹ́yìn.
Wọ́n ní kí n ṣèdájọ́.

Mo tẹ́tí.
Ti Akínlúà ń kùn bí ẹni tínú ń bí tí kò fẹ́ wí.
Ti Fálóhùn ń bú, ó ń mi ife tíì lórí bẹ́ǹṣì mi.
Ẹṣin irinwó ó lé ọgọ́ta nínú ọ̀kan,
èkejì fi márùn-ún dín.
Márùn-ún péré! Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ torí rẹ̀ fa ara wọn láṣọ ya.

Lójú títì Ọ̀wẹnà, Kamáró ló mọ kọ́ọ̀nà á gé,
ó lẹ̀ mọ́ ọ̀dà bí ọmọńlé.
Ṣùgbọ́n mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ mi há.
Sípánà mi kan ṣì wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá.
Mọ́sítáǹgì láyè:
tọ́bò á wọ̀ ọ́, súpájá á wọ̀ ọ́,
ọwọ́ Ìbíyẹmí, ọmọ iṣẹ́ mi, á wọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.
Ọkọ̀ tó bá gba ọwọ́ láyè
ni mo lè sọ di ohun tí kò tíì jẹ́ rí.

Fálóhùn pòṣé. Ó tẹná mọ́ ọn,
ó já sí gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù,
báḿpà ké gbàràrà.

Akínlúà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Báḿpà tirẹ̀, wáyà ni mo fi rán an lánàá.