Ọwọ́ Bekan

Òjò dídì ti bo fèrèsé dé ìdajì.
Lókè Svaneti níbí, a kì í ka ọjọ́ títí Ẹ́pírì yóò fi dé.
Wàrà wà lórí sítóòfù, kò tíì hó.
Lamara, ìyàwó ọmọ mi, ń ṣa ẹ̀wà.
Kò gbọ́ igi tó ń ta nínú iná.
Kò gbọ́ nǹkan kan láti ìgbà tí ibà ti dì í létí
lọ́mọ ọdún méjì.

Ọjọ́ tó bí Bekan, èmi ni mo sunkún.
Mo ní, ta ni yóò máa dá ọmọ yìí lóhùn?
Baba rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Tọ́kì,
èmi náà, màlúù ló ni ọ̀sán mi.

Ọmọ oṣù márùn-ún, lórí awọ àgùntàn:
“Ba.”
Ẹ̀wà ń bọ́ sínú abọ́.
“Ba, ba.”
Ó ń ju ohùn bí ẹni ju òkò sí kànga,
kò sì gbọ́ kó kan omi.
Ni ọwọ́ rẹ̀ bá ṣèèṣì ṣí,
ìka márààrún, gbayawu.

Lamara rí i.
Ojú rẹ̀ là bí ìgbà tí a ṣí ilé ẹran láàárọ̀.
Ó ṣí ọwọ́ tirẹ̀ padà.

Ọmọ dákẹ́. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀
bí ẹni tó he owó.
Ó tún ṣí i. Ìyá tún ṣí tirẹ̀.
Wàrà hó, ó dà sórí iná,
àní èmi gan-an ò dìde.

Ẹ má bi mí ta ló kọ́ ọ.
Mi ò rí síléètì, mi ò rí pàṣán.
Ojú lọ̀rọ̀ wà: mo ti ń wí i tipẹ́,
mi ò mọ̀ pé bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ó ti pé oṣù mọ́kànlá báyìí.
Bó bá fẹ́ ìyá rẹ̀, yóò rá yí i ká
títí ojú wọn yóò fi ko ara wọn,
kó tó gbé ọwọ́ sókè.
Lóru tí iná bá lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló ń fọwọ́ sọ ọ́ sí.

Lánàá, mo ní kí n gbìyànjú tèmi.
Mo ṣí ọwọ́ sí i, ìka tó ti ká kò.
Ó wò mí, ó wò mí,
ó ní “Bébò,” ketekete, pẹ̀lú ẹnu,
bí ẹni ń rán arúgbó létí
èwo ni tirẹ̀.